Ọ̀nà Tí Irùngbọ̀n Dà Sí

Ariwo ni wọ́n fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù gẹrígẹrí ní Ìbàfò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa bú lẹ́nu ọ̀nà, kílípà á máa kùn nínú ilé, rédíò á sì máa du ohùn mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan sì fò láti nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó irun gígẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ gẹrígẹrí tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta epo, tí kò sì bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Abẹ ni.

Wọ́n sábà máa ń fà á yọ nígbà tí kílípà bá ti parí tirẹ̀. Gẹrígẹrí á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀." Á mú bíléèdì kan, á ṣẹ́ ẹ sí méjì nínú bébà rẹ̀ kó má baà gé e lọ́wọ́, á ki ìdajì kan sẹ́nu èèkù onírin tó ń ká, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà níwájú orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìlà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sanwó fún. Irun tó bọ́ sílẹ̀ kò jọ wọ́n lójú.

Àwọn ọkùnrin kan ti wá ń fẹ́ kí abẹ náà wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Èkó, tó sì kọ́lé sí Ìbàfò, gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́ bí kò bá fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró; gẹrígẹrí wo ló máa ṣílẹ̀kùn dè é lákòókò yẹn? Ẹlòmíràn, ṣéfíǹ sítíìkì oníbíléèdì mẹ́ta ló ti da bọ́ǹpù sí i lọ́rùn, ó sì ti gbọ́ pé abẹ olójú kan sàn jù. Ẹnì kẹta kàn rí i lórí fóònù ni: òyìnbó kan ń fi abẹ gígùn ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, orin jẹ́jẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀, òun náà sì ní òun á ṣe é. Ẹnì kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí fídíò tó wò kò sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Abẹ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Kí Leo Wahl tó ṣe kílípà oníná ní ìlú Sterling, ní Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1919, alágbẹ̀dẹ ti ń rọ abẹ, onígbàjámọ̀ sì ti ń fi í jẹun. Orí ìkókó, orí opó, orí ìyàwó òrìṣà tí wọ́n fẹ́ dóṣù fún, ọwọ́ abẹ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Àwọn Mùsùlùmí ń fá orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ keje. Ní ààfin Ọ̀yọ́, abẹ ni wọ́n fi ń sàmì sí ìránṣẹ́ ọba: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú The History of the Yorubas, ìwé tó jáde ní 1921, pé apá kan orí àwọn ìlàrí ni wọ́n ń fá, tí wọ́n ń dá apá kejì sí. Ẹni tó bá pàdé irú orí bẹ́ẹ̀ lọ́nà kò ní láti bèèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Lọ́dọ̀ Yorùbá, olóòlà ló ń kọlà, òun náà ló ń dábẹ́. Onígbàjámọ̀ ló ń fá orí. Lọ́dọ̀ Hausa, ẹnì kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wanzami ni wọ́n ń pè é, ó sì tún ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ibi tí Hausa bá ti pọ̀, láti Agége dé Sábó Ṣágámù, wanzami kì í jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ abẹ lò á jèrè bó bá jókòó wo ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, kó má tilẹ̀ wo abẹ, kó wo omi. Wanzami á bomi sórí oníbàárà, á fi ìka rà á wọ ìdí irun, á tún bomi sí i, á fi ọṣẹ kún un, á máa rà á lọ títí tí ẹni tó jókòó á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Kí abẹ tó dé, irun náà ti mumi yó. Irun tó mumi á wú, á rọ̀, agbára tí abẹ máa fi gé e á sì dín kù jọjọ. Nígbà náà ni yóò fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ́ awọ orí, tí yóò fa abẹ láti àtàrí wá sísàlẹ̀, ní ìfà kúkúrú kúkúrú, á nu abẹ, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò kánjú, kò sì tẹ abẹ mọ́ ọn lórí.

Abẹ gígùn tó ń ká sínú èèkù, irú èyí tó wà nínú fídíò, ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní Jámánì ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Láàárín 1740 sí 1750 ni Benjamin Huntsman rí ọ̀nà láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ ní Sheffield, irú irin bẹ́ẹ̀ sì le débi pé ojú abẹ lè fẹ́lẹ́ láì tètè kú. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà fi abẹ yìí dolówó. Alonzo Herndon, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1858, fi iṣẹ́ abẹ dá ṣọ́ọ̀bù ńlá sílẹ̀ ní Peachtree Street ní Atlanta, àwọn olówó aláwọ̀ funfun ń jókòó lórí àga rẹ̀ kí wọ́n lè fá irùngbọ̀n wọn, owó ibẹ̀ ló sì bá a débi tó fi dá ilé iṣẹ́ adójútòfò Atlanta Life sílẹ̀ ní 1905.

King Gillette, tó ń ta èèkù oníbíléèdì tẹ́ẹ́rẹ́, ló gba abẹ gígùn lọ́wọ́ ọkùnrin nínú ilé. Ní 1903, ọdún àkọ́kọ́ tó fi tajà, èèkù 51 àti bíléèdì 168 péré ló tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèkù tó lé ní 90,000 ti lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba ibẹ̀ ra èèkù mílíọ̀nù 3.5 fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Bí bíléèdì tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe gbòde nìyẹn, títí ó fi kan Tiger àti Nacet tí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀, tí wọ́n fi ń gé èékánná, tí wọ́n fi ń tú aṣọ tí télọ̀ rán gbòdì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fídíò. Irun òyìnbó tó wà nínú rẹ̀ ń hù ní tààrà. Tiwa ń lọ́ láti inú awọ wá, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà. Ọ̀nà méjì ni irun tó lọ́ fi ń padà sínú ara. Bó bá hù jáde, ó lè tẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, kó fi orí ara rẹ̀ gún awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Bí abẹ bá sì gé e kọjá ojú awọ lọ sísàlẹ̀, orí rẹ̀ tó ti mú á gún ẹ̀gbẹ́ ihò tó ń gbà hù kó tó rí ìta. Ara á kà á sí àjèjì, ibẹ̀ á wú, á le, nígbà mìíràn á gba ọyún, bó bá sì jinná, á fi àpá dúdú sílẹ̀. Bọ́ǹpù nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á, kì í sì í ṣe pé abẹ kú. Abẹ tó mú jù, tó sì fá irun wọnú jù, lè dá a sílẹ̀ ju abẹ tó kú lọ.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Langston Bradley, aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ píṣà kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ilé iṣẹ́ náà kò gbà kí òṣìṣẹ́ dá irùngbọ̀n sí, awọ ara tirẹ̀ kò sì gba abẹ. Níwájú adájọ́, wọ́n jẹ́rìí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí bọ́ǹpù ń bá jà, tí àwọn kan nínú wọn kò sì lè fá irùngbọ̀n rárá. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé òfin náà ń pa aláwọ̀ dúdú lára ju àwọn yòókù lọ. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa tó ń fi dandan lé ojú dídán ka ẹjọ́ yẹn.

Wàhálà gidi tó dúró de olùbẹ̀rẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn méjì tí kò bára mu ló máa gbọ́. Àwọn tó ń kọ́ni ní abẹ lílò á ní kó fa awọ ara rẹ̀ le kankan kí abẹ tó kọjá lórí rẹ̀. Dókítà awọ ara á sọ fún ẹni tó ní bọ́ǹpù pé kó má fa awọ rárá. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Awọ tó dẹ̀ á ká sókè níwájú abẹ, abẹ á sì gé e. Bí a bá wá fà á jù, irun á yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, abẹ á gé e níbẹ̀, bí ọwọ́ bá sì ti kúrò, ìdí irun náà á sá wọ abẹ́ awọ lọ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún irun tiwa ni kí olùbẹ̀rẹ̀ tẹ́ awọ náà kó sáà jókòó dáadáa, kí abẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi kọ̀ọ̀kan, kó sì gbà pé ìdí irun díẹ̀ á ṣì máa ta á lábẹ́ ìka. Òyìnbó inú fídíò máa ń fá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: á kọ́kọ́ bá irun lọ, á dábùú rẹ̀, á wá fi abẹ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ló ń mú kí ojú rẹ̀ dán. Òun náà ló ń gbin bọ́ǹpù sọ́rùn ẹni tí irun rẹ̀ ń lọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan abẹ. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi irùngbọ̀n sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kó dúró níwájú dígí, kó máa fi ìka ra ojú rẹ̀ lọ sókè, sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìka bá ti ń yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́, irun dà sápá ibẹ̀ nìyẹn. Ibi tó bá ti ń ha, ìka ń lòdì sí i. Lẹ́rẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dà sí. Ọrùn ni oníjìbìtì. Lábẹ́ àgbọ̀n ó lè máa lọ sísàlẹ̀, kó tó dé gògóńgò kó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítòsí kọ́là ẹ̀wù kó sì máa hù bọ̀ lókè. Àwọn mìíràn ní ibi tó ń yí bírí lápá kan ọrùn, tí kò sí lápá kejì. Kó yàwòrán rẹ̀ sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí. Ẹni tó bá fi èyí ṣẹ̀sín, ọrùn rẹ̀ á dá a lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni yóò yan irinṣẹ́. Abẹ gidi wúwo díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó ń fara balẹ̀ lójú awọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ awọ màlúù tí wọn yóò máa nù ún mọ́, ó ń fẹ́ òkúta, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Èèkù tí wọ́n ń ki bíléèdì sí, irú ti gẹrígẹrí, fúyẹ́, ojú rẹ̀ mú gan-an, kò sì gba ọwọ́ wúwo rárá. Àwọn olólùfẹ́ abẹ máa ń jiyàn lórí èyí tó yẹ kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gbè sẹ́yìn abẹ gidi. Fún ẹni tó wà ní Ìbàfò, Mowe tàbí Ifọ̀, ti gẹrígẹrí ló mọ́gbọ́n wá: bíléèdì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré gbogbo, tuntun ni wọ́n ń kì sí i nígbà gbogbo, kò sì sí pé à ń wá ẹni tó mọ abẹ pọ́n kiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abẹ gígùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ ní irin tó lè mú. Ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gẹrígẹrí lókè òkun ní ọgbọ́n kan tó yẹ ká yá lò. Wọ́n á fẹ́ bàlúùnù, wọ́n á fi ọṣẹ tó ń hó kùn ún, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á sì fi abẹ fá ọṣẹ náà kúrò láì jẹ́ kó bẹ́. Bàlúùnù kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ tó bá wúwo, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti lè fá bàlúùnù tán kó tún fi èèkù tí kò ní bíléèdì ṣe ojú ara rẹ̀, kí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún lè mọ ibi tí wọn yóò máa gbà níwájú dígí tó ń yí ohun gbogbo padà.

Bó bá wá kan ojú gan-an, kó ti wẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó fi tówẹ̀lì tí wọ́n rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọṣẹ dúdú ń hó dáadáa, àmọ́ ó ń gbẹ awọ ara àwọn kan, ẹni tó bá sì ń ta lójú kó pààrọ̀ rẹ̀. Ìka mẹ́ta ni yóò wà lẹ́yìn ìrù abẹ, ọmọńdinrín á lé orí ibi tó yọ gọnbọ lẹ́yìn, àtàǹpàkò á gbé e láti ìsàlẹ̀. Kó jẹ́ kí abẹ sùn sójú awọ, kó wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè tó bíi dígíríì 30. Bó bá sùn jù, á máa fa irun tu. Bó bá dúró jù, á máa ha awọ títí yóò fi gé e. Ìfà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju íǹṣì kan lọ, iwájú nìkan ni abẹ sì ń lọ. Kò gbọdọ̀ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé, torí yíyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀bẹ fi ń gé ẹran.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì péré ni kó máa fá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kó fi kílípà parí ìyókù. Ọrùn tẹ̀ lé e. Àgbọ̀n àti abẹ́ imú ló kẹ́yìn, torí pé ibẹ̀ kò tẹ́ rárá, irun ibẹ̀ sì le. Bó bá gé ara rẹ̀ díẹ̀, omi tútù àti álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà á dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Sípíríìtì tí gẹrígẹrí máa ń fi òwú nù sójú oníbàárà, tó ń mú kí bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta fò lórí àga, ń ta awọ, ó sì ń gbẹ ẹ́; omi tútù àti òrí díẹ̀ tó.

Ẹni tó bá tẹ̀síwájú dórí abẹ gidi ní iṣẹ́ mìíràn. Kó tó fá, á tẹ́ abẹ náà sórí awọ màlúù tó nà tàn, ẹ̀yìn abẹ á ṣáájú, ojú rẹ̀ á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Bó bá dé òpin, ẹ̀yìn ni yóò fi yí i padà. Ẹni tó bá fi ojú abẹ yí i ti gé awọ náà nìyẹn, ó sì ti ba abẹ jẹ́. Àlọ-àbọ̀ 30 sí 50 tó. Òkúta kì í kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan lọ, òkúta tí alápatà fi ń pọ́n ọ̀bẹ kò sì yẹ ẹ́, nítorí èyí tó ń parí ojú abẹ máa ń tó grit 8000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú tún wà o. Ilẹ̀ àbàtà odò Ògùn kò jìnnà sí Ìbàfò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́rinrin, irin abẹ gidi sì ń tètè dípẹtà. Kó nù ún gbẹ, kó fi òróró kín-ún pa á lára, kó má ṣe tọ́jú rẹ̀ sí balùwẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù, kò sì ṣe é fi ṣeré. Ìwádìí NAIIS tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló ní kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) lára; ti HIV jẹ́ ìdá 1.4 láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lórí bíléèdì tó fún un láti ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bàbá àti ọmọ tó ń lo abẹ kan náà nínú ilé, ewu kan náà ni wọ́n ń fi ṣeré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á, ó sì ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004. Àgbàlagbà tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn ló yẹ kó lọ béèrè.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí náà ló yẹ kó fojú rí i kí wọ́n já bébà bíléèdì tuntun. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lo tuntun" kì í ṣe àfojúdi. Èèkù onírin náà ní láti rì sínú sípíríìtì láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Àpótí oníná búlúù tó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò lè pa kòkòrò kankan bí kò bá sí iná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dé ibi tí irun bá bò. Àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà mọ èyí dáadáa: níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ti ń fá orí lákòókò kan náà, abẹ ìlò-ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn aláṣẹ Saudi ní kí àwọn gẹrígẹrí Hájì máa lò.

Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ni abẹ wà fún. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń ga sókè bó bá jinná, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó rà á. Bí bọ́ǹpù bá sì yọ lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ra yìí, kí abẹ sinmi fún nǹkan bí oṣù kan. Irun tó wọnú awọ máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá gùn tó. Abẹ́rẹ́ tó mọ́ lè gbé orí rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fà á tu, torí èyí tó bá tún hù níbẹ̀ á tún gún awọ. Kílípà tó ń dá irun sí tó mìlímítà kan ló lè bá a ṣe é láàárín àkókò yẹn. Bí ọrùn bá ti ń gba ọyún, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, ọkọ̀ sì ń lọ síbẹ̀ láti Mowe.